Triathlon: Omi ni kí ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kọ́kọ́ kọ́

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó ràn, kì í ṣòro láti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sáré yí pápá Maracana ká ní Ajégúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó lágbára kò wọ́n ní àdúgbò náà. Ibẹ̀ ni Odion Ighalo dàgbà sí kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Super Eagles. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí àwọn asáré wọ̀nyí kọ́kọ́ bọ́ sínú omi, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n mítà 400, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dúró sí etí omi. Ọ̀rọ̀ ìyanu ni, nítorí pé omi kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: ọ̀sà àti èbúté wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, omi tó wá láti Àgbádárìgì sì ń ṣàn kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń gbèrò láti kópa nínú ìdíje triathlon fún ìgbà àkọ́kọ́ ní agbègbè yìí fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé agbára nìkan kọ́ ni í gbé èèyàn dé òpin eré náà. Omi tí ẹ̀mí kò ní í bá lọ, àti títì tí tírélà kò ní í gorí ẹni, ni ohun méjì tó ṣòro jù láti rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá ojútùú sí méjèèjì, ìyókù yóò rọrùn fún un.

OHUN TÍ TRIATHLON JẸ́

Triathlon ni ìdíje tí èèyàn kan náà ti ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, tó sì ń sáré, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, láìsí ìsinmi láàárín wọn. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti fọn fèrè ni aago ti ń ka àkókò, kò sì ní í dúró nígbà tí ẹni náà bá ń nu omi ara rẹ̀ tàbí tó ń wọ bàtà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní Mission Bay, ní ìlú San Diego, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Jack Johnstone àti Don Shanahan, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ asáré kan ní ìlú náà, ló ṣètò rẹ̀. Èèyàn 46 péré ló kópa. Eré ìrọ̀lẹ́ lásán ni, kò ní ariwo nínú. Lọ́jọ́ náà, eré sísá àti kẹ̀kẹ́ gígùn ló ṣáájú, ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà lápá ìparí. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn kan tó jáde nínú omi, débi pé iná mọ́tò ni wọ́n tàn sí wọn. Lóde òní, ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣáájú. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó ti rẹ̀ kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ omi.

Nígbà tó di ọdún 2000, eré náà wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney, ní Ọsirélíà. Àjọ World Triathlon, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn ní 1989, ló ń ṣòfin rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Nigeria Triathlon Federation ló sì ń bójú tó o ní orílẹ̀-èdè wa.

Kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo ni eré yìí ní. Ti Òlíńpíìkì jẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ mítà 1,500, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40 àti eré sísá kìlómítà 10. Èyí tó kéré sí i, tí wọ́n ń pè ní sprint, jẹ́ ìdajì rẹ̀: mítà 750, kìlómítà 20 àti kìlómítà 5. Èyí tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jù lọ ni wọ́n ń pè ní super sprint. Ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ju mítà 250 sí 500 lọ, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà láàárín kìlómítà 6.5 sí 13, eré sísá rẹ̀ sì wà láàárín kìlómítà 1.7 sí 3.5. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó sì fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀ dáadáa, lè parí èyí láìfarapa.

KÍ A TÓ BẸ̀RẸ̀, Ẹ RÍ DÓKÍTÀ

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe bàtà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Àyẹ̀wò ara ni. Ẹni tó bá ti lé ní ẹni 40 ọdún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí wárápá, àti ẹni tí àyà ti dùn rí nígbà tó ń sáré, gbọ́dọ̀ gbọ́ ti dókítà kó tó fẹsẹ̀ kan omi. Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àárẹ̀ àpọ̀jù, òtútù omi àti àìtó omi lára lè dá ìrora àrùn náà sílẹ̀.

Ìdí wà fún ìkìlọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ṣe àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ inú triathlon ní Amẹ́ríkà láti 1985 sí 2016, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, rí èèyàn 135 tí wọ́n kú tàbí tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Nínú wọn, 90 ló jẹ́ pé inú omi ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ọkùnrin ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní ẹni 40 ọdún. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú àwọn kan wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀. Iye yìí kò pọ̀ bí a bá fi wé àwọn tó ń kópa, nítorí kò tó èèyàn méjì nínú ẹgbàá lọ́nà àádọ́ta (100,000). Síbẹ̀, ó fi hàn gbangba pé omi ni ibi tí ewu pọ̀ sí jù.

OMI NI Ọ̀GÁ

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ni í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í sábà jìnnà sí etí odò. Ẹni tó gbójú lé ọgbọ́n rẹ̀ ni omi ń gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé bí ẹgbàá lọ́nà àádọ́jọ (300,000) èèyàn ni omi gbé lọ káàkiri ayé ní ọdún 2021 nìkan. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Ìlàjẹ tàbí Ìjọ tí wọ́n bí sí etí omi, ó sì kan ọmọ òkè tí kò rí odò tó jìn rí. Ẹni tó mọ omi láti kékeré ní ìgboyà, ṣùgbọ́n ó lè má tí ì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra mí, kí agbára tó tó mítà 400. Ẹni tí kò mọ omi rí ní ẹ̀rù, ẹ̀rù náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé lọ.

Níbo ni kí èèyàn ti kọ́ ọ? Kì í ṣe nínú omi tó wà lẹ́yìn ilé. Omi èbúté Àpápá àti Tin Can jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí awakọ̀ wọn kò lè tètè rí orí èèyàn láàárín ìgbì. Epo ń dà sínú rẹ̀, ìdọ̀tí inú gọ́tà àti kànáàlì náà sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi sí Èkó nìkan. Ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Paris ní 2024, wọ́n sún triathlon àwọn ọkùnrin láti ọjọ́ 30 sí ọjọ́ 31 oṣù keje, nítorí pé òjò ti ba omi odò Seine jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tó lé ní bílíọ̀nù kan owó Yúróòpù ni wọ́n ti ná láti fọ odò náà mọ́. Bí ti Paris bá lè rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹnu gba omi kànáàlì.

Òkun Àtìláńtíìkì náà kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ìgbì rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ sínú, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ lọ. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi síméǹtì ṣe, tí omi rẹ̀ mọ́, tí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dóòlà ẹ̀mí sì dúró tì, ni ibi tó yẹ. Irú rẹ̀ wà ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ ní apá ibi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gbé ní Àpápá. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tàbí àlejò wọn. Ẹni tí owó náà bá wọ̀ lọ́rùn lè bá èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún da owó pọ̀, kí wọ́n gba olùkọ́ kan. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ wò ó: bí ojú kò bá lè rí ìsàlẹ̀ adágún náà kedere, kí wọ́n má wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ náà ní ìpele. Ìkíní ni fífẹ́ èémí jáde lábẹ́ omi, kí a sì gbé ojú sókè láti mí sínú. Ìkejì ni lílẹ̀fòó lórí ẹ̀yìn láìmikàn. Ẹni tó bá lè ṣe èyí fún ìṣẹ́jú méjì ti ní ohun tí yóò gbà á là lọ́jọ́ ìṣòro. Ìkẹta ni lílúwẹ̀ẹ́ láti orí adágún dé ìdí rẹ̀, kí a sinmi, kí a tún un ṣe. Nínú adágún tó gùn ní mítà 25, mítà 400 jẹ́ àlọ àti àbọ̀ mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Òfin ìdíje náà ṣàánú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Irú ìlúwẹ̀ẹ́ yòówù tó bá wu èèyàn ló lè lò; kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀jẹ̀ ń lò. Ẹni tó bá rẹ̀ lè dẹ̀yìn délẹ̀ kó lẹ̀fòó, tàbí kó di ọkọ̀ kékeré tàbí àmì tó léfòó mú, kó sinmi, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti lò ó láti fa ara rẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ yóò na ọwọ́ kan sókè, yóò sì ké. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

TÍTÌ ÀTI KẸ̀KẸ́

Ìṣòro kejì ni títì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté olómi jíjìn sí Àpápá, tí wọ́n parí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1926, tí wọ́n sì ṣí ti Tin Can ní 1977, ẹrù tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Tírélà àti táńkà epo ló sì ń gbé e jáde. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ètò, kí àwọn àjàgbé má baà máa to sí títì. Síbẹ̀, ọ̀nà Wharf Road, Creek Road àti Mobil Road kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ yẹ kó ti máa dán ara rẹ̀ wò.

Awakọ̀ tírélà kò lè rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá ń yà, orí ọkọ̀ yóò lọ síta, ẹ̀yìn yóò gé ìgun náà kúrú, yóò sì tẹ ohunkóhun tó bá wà ní inú ìgun mọ́lẹ̀. Kọ̀nténà tí wọn kò dè dáadáa náà lè ṣubú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ tírélà, ìbáà jẹ́ pé ó wà lójú kan. Kó dúró sẹ́yìn, kó jìnnà.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, tí Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti apá kan bọ́ sí apá kejì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà ń yí padà: lápá kan, ọkọ̀ ńlá ni kó ṣọ́ra fún, lápá kejì, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó lè yọ láti ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí.

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí àwọn bíi mélòó kan kó ara wọn jọ, kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ ní àwọn títì inú Àpápá tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán tí ọkọ̀ kò sì tí ì pọ̀. Kí wọ́n wọ aṣọ tó ń tàn, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n má sì gun orí afárá. Ní ọjọ́ iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ àgùnlójúkan tó wà ní ilé ìdárayá dára ju títì lọ.

Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kò pọn dandan. Tòkunbọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, tí táyà rẹ̀ kò sán, tí ṣéènì rẹ̀ kò sì ń já, ti tó. Kí ìjókòó rẹ̀ ga débi pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, orúnkún yóò kàn tẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi du ara wa ni akoto tí ń dáàbò bo orí. Nínú ìdíje, ẹni tó bá fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìtíì de okùn akoto mọ́ àgbọ̀n yóò jìyà lábẹ́ òfin.

ẸSẸ̀ Ń BẸ, SÙÚRÙ LÓ KÙ

Eré sísá ni apá tí ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò ní í nílò ìwàásù lé lórí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa sá a bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù. Ìwọ̀n tó dára ni èyí tí ẹni tó ń sáré ṣì lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tí ì jẹ, ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Yóò wúwo, yóò sì le bí igi fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ẹni tí kò bá rí i rí yóò rò pé agbára òun ti tán. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a fi í kọ́ra: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí a bá ti gun kẹ̀kẹ́ tán, kí a sáré fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

ÈTÒ Ọ̀SẸ̀ 12

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4: Ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú 30, eré sísá lẹ́ẹ̀mejì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí rírìn wà láàárín rẹ̀. Inú omi ni kí agbára pọ̀ sí. Góńgó rẹ̀ ni mítà 25 láìdúró.

Ọ̀sẹ̀ 5 sí 8: Ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó mítà 200 lápapọ̀ pẹ̀lú ìsinmi. Kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ìṣẹ́jú 40. Eré sísá lẹ́ẹ̀mejì fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ tẹ̀lé kẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 9 sí 11: Kí mítà 400 ṣeé ṣe láìfọwọ́ kan ògiri adágún fún ìgbà pípẹ́. Kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Eré sísá fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Lẹ́ẹ̀kan, kí a ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdajì ìwọ̀n wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀sẹ̀ 12: Kí a dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, kí a sùn dáadáa, kí a sinmi pátápátá ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje.

Ó kéré tán, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lọ́sẹ̀ tí a kò ní í ṣe nǹkan kan. Bí ọ̀sẹ̀ 11 bá pé tí mítà 200 kò tí ì ṣeé ṣe láìsí ìbẹ̀rù, kí ẹni náà sún ìdíje síwájú. Ó tún lè wọ duathlon, èyí tí kò ní omi nínú: wọn yóò sáré, wọn yóò gun kẹ̀kẹ́, wọn yóò tún sáré.

OÚNJẸ ÀTI OORU

Oúnjẹ ilé ti tó. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, iṣu, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ń ṣe iṣẹ́ tí oúnjẹ inú agolo ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ìdíje, kí a jẹ ohun fúyẹ́ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀, tàbí búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kí a má jẹ ohun tí a kò jẹ rí lọ́jọ́ náà.

Ooru Èkó kì í ṣe ọ̀tá kékeré, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ lára. Kí a máa mu omi díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ wá, kì í ṣe ìgò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí orí bá ń yí, tí òtútù ń mú nínú oòrùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, kó dúró. Kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n sì pe oníṣègùn.

ÌBÉÈRÈ TÍ A GBỌ́DỌ̀ BI OLÙṢÈTÒ

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó ìforúkọsílẹ̀, kó béèrè ohun márùn-ún. Ṣé adágún ni ìlúwẹ̀ẹ́ náà ti máa wáyé, àbí omi gbangba? Adóòlà-ẹ̀mí mélòó ni yóò wà nínú omi? Ṣé wọn yóò ti títì pa fún ọkọ̀? Ṣé dókítà àti ọkọ̀ ìgbókùúgbaláàyè yóò wà níbẹ̀? Ṣé wọn yóò gba ẹni tó bá pẹ́ láyè láti parí? Olùṣètò tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin àkọ́kọ́ kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdíje tí wọ́n ti títì pa fún ṣe ń rí lè kọ́kọ́ wọ eré kìlómítà 10 ti Lagos City Marathon, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016.

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí a tètè dé. Kí a to akoto, bàtà, aṣọ ìnura àti omi mímu sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ bí a ó ṣe lò wọ́n tẹ̀léra. Nínú omi, kí a dúró sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ àwọn tó yára má baà gbá wa lójú, kí ogún mítà àkọ́kọ́ sì lọ́ra ju bí ọkàn ṣe ń fẹ́ lọ. Lórí kẹ̀kẹ́, ojú ọ̀nà ni kí a máa wò. Bí ẹsẹ̀ bá le nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, kí a rìn díẹ̀. Òfin kò lòdì sí i.

Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè ipò tí èèyàn gbà. Ohun tí àwọn ará ilé ń retí ni pé ẹni tó jáde láàárọ̀ yóò padà wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ara líle, kó lè tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.